Òkò Tí A Sọ Sọ́jà: Òmìnira Ẹ̀sìn láti Abẹ́òkúta dé Niamey

Àdúgbò kan wà ní ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, tí à ń pè ní Dar es Salam. Láti inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ilé Àlàáfíà. Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó sọ àdúgbò náà lórúkọ kò ṣìwí, nítorí ó ti pẹ́ tí Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ jù ní Niamey, àti Onígbàgbọ́, tí wọn kò tó nǹkan, ti ń gbé pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2015, èéfín bo ìlú tí Ilé Àlàáfíà wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ṣọ́ọ̀ṣì 45 ni ìjọba kà pé àwọn jàǹdùkú ti dáná sun ní Niamey nìkan.

Ibi tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà púpọ̀ sí Niamey. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àwọn agbébọn wọ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní Paris, nítorí àwòrán Ànábì Muhammad tí wọ́n ti ń yà nínú rẹ̀, wọ́n sì pa ènìyàn 12. Ní ọjọ́ 11, àwọn olórí orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Paris láti bá àwọn Faransé kẹ́dùn. Mahamadou Issoufou, Ààrẹ Niger nígbà náà, wà lára àwọn tí ó rìn. Ní ọjọ́ 14, ìwé ìròyìn náà tún jáde pẹ̀lú àwòrán Ànábì mìíràn. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 16, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Zinder. Ní ọjọ́ kejì, ó dé Niamey. Ènìyàn 10 ni ó kú ní ìlú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò bí olùkọ́ ti í yẹ iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé wò, láti ìlà dé ìlà. Ẹni tí ó ya àwòrán wà ní Paris. Ẹni tí ó rin ìrìn ìkẹ́dùn jẹ́ Ààrẹ, Mùsùlùmí sì ni òun pẹ̀lú. Ìwé ìròyìn tí a ń wí yìí kì í ṣe ti ìjọ Ọlọ́run kankan. Bí ó ti ń fi Ìmàle ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó ń fi Póòpù àti àlùfáà ṣe yẹ̀yẹ́. Ta wá ni Onígbàgbọ́ Niamey nínú ọ̀rọ̀ náà? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àlejò tí ó wá oúnjẹ òòjọ́ wá láti Benin, láti Tógò àti láti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Wọn kò ya àwòrán, wọn kò rìn ní Paris. Òwe wa sọ pé ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Àwọn tí inú bí sí Paris ni wọ́n sọ òkò. Aládùúgbò wọn ni òkò bà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu pé irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá, kí ó ṣí ìwé ìtàn sí ọdún 1867, kí ó ka ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ya bo àwọn ilé ìsìn ní Abẹ́òkúta. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù àwọn ajíhìnrere, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó tí ń wàásù kúrò ní ìlú. Ìwé Ìròhìn tí Townsend dá sílẹ̀ ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, kò jáde mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn Onígbàgbọ́ kan kó lọ sí Èkó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀bùté Mẹ́tta.

Kí ni àwọn Ẹ̀gbá ń bínú sí? Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ní 1861 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ní 1865 àwọn ọmọ ogun ìjọba Èkó lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò lẹ́yìn odi Ìkòròdú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, ọ̀rọ̀ owó-bodè, àti ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, fi sí ojú ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Ẹ̀gbá lọ́kàn sókè. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ilẹ̀ Èkó ti lọ ni tiwọn yóò ṣe lọ. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ṣùgbọ́n Gólóbà wà ní Èkó, ọwọ́ wọn kò tó o. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ìtòsí, ọwọ́ wọn tó o. Ìjà ààlà àti owó-bodè di ìjà ilé àdúrà. Ẹni tí ó bá fi Abẹ́òkúta 1867 sí ẹ̀gbẹ́ Niamey 2015 yóò rí i pé àwọn méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 148 ni ó wà láàrin wọn.

Ìdí kan wà tí ó fi rọrùn fún àwọn Ẹ̀gbá láti rí ṣọ́ọ̀ṣì bí apá kan ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kérésìmesì 1851, Ọba Akíntóyè bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1852. Ìwé náà fi òpin sí òwò ẹrú, ó sì fi òpin sí fífi ènìyàn rúbọ. Ohun rere ni méjèèjì. Ó tún sọ pé a gbọ́dọ̀ dáàbò bo àwọn ajíhìnrere, kí a má sì ṣe dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gba ẹ̀sìn Kristi. Èyí pẹ̀lú kò burú, pàápàá nígbà tí a bá rántí pé ní 1849 wọ́n ti fi àbà de àwọn Onígbàgbọ́ kan mọ́lẹ̀ ní Abẹ́òkúta nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni ìwé àdéhùn náà dárúkọ pé kí a dáàbò bò. Kò sọ ohunkóhun nípa Mùsùlùmí Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohunkóhun nípa babaláwo. Ẹnu ìbọn ni a sì ti mú àdéhùn náà jáde. Ààbò tí ìbọn àjèjì bá fún ẹlẹ́sìn kan, ọjọ́ tí inú bá bí ará ìlú sí àjèjì náà, ààbò yẹn gan-an ni yóò di ẹ̀sùn sí onítọ̀hún lọ́rùn.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ọwọ́ àjèjì nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ń mú ìjà wá. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, wọ́n ṣí mọ́sáláṣí tí Mohammed Shitta kọ́ sí Èkó. Ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró ni Shitta, oníṣòwò ńlá sì ni. Sultan ilẹ̀ Turkey, Abdul Hamid kejì, rán Abdullah Quilliam, lọ́yà ará Liverpool tí ó ti di Mùsùlùmí, pé kí ó wá fi Shitta jẹ oyè Bey. Gómìnà Carter, Onígbàgbọ́ ni, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ni, òun ni ó jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí ayẹyẹ náà. Ikọ̀ Sultan kò wá gba ilẹ̀, kò wá fi ẹ̀sìn kan lé ẹ̀sìn kejì lórí. Ó wá fi ọlá fún ọmọ ìlú lójú gbogbo ará ìlú. Ìdí nìyí tí orúkọ Shitta-Bey fi ń dún dídùn ní etí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ Èkó títí di òní.

Àdéhùn 1852 dárúkọ ẹ̀sìn kan; ó tó ọdún 96 lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó jókòó kọ ìwé tí ó sọ ti gbogbo ẹ̀sìn. Ogun Hitler ni ó là wọ́n lójú, nígbà tí wọ́n rí i pé ìjọba kan lè dìde láti pa àwọn Júù rẹ́ kúrò láyé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1948, ní Paris kan náà tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn wọlé. Orílẹ̀-èdè 48 fọwọ́ sí i, ẹnìkan kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n mẹ́jọ kò dìbò. Abala kejìdínlógún rẹ̀ sọ pé olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, ó sì fi kún un pé ènìyàn lè yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Sáúdí Arábíà kò fẹ́ ẹ, ó sì wà lára àwọn mẹ́jọ tí kò dìbò. Ṣùgbọ́n Muhammad Zafrulla Khan, tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Pakistan, dìde, ó sì gbè é lẹ́yìn. Ohun tí ó sọ ní kúkúrú ni pé ẹ̀sìn Ìmàle ń pe ènìyàn wá sínú ara rẹ̀, nítorí náà kò lè sọ pé kí ẹlòmíràn má pe ènìyàn. Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí méjì nìyí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wá jẹ, nígbà náà, pé òyìnbó nìkan ni ó ni òmìnira ẹ̀sìn, tàbí pé Ìmàle lódindi ni ó kọ̀ ọ́.

Ìtàn ọkùnrin yìí kò parí síbẹ̀. Ọmọ ìjọ Ahmadiyya ni, ìjọ tí ó ti dé Èkó láti 1916. Ní 1974, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Pakistan yí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wọn padà, wọ́n sì kéde pé àwọn Ahmadiyya kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹni tí ó ti bá Pakistan sọ̀rọ̀ òmìnira ẹ̀sìn lójú gbogbo ayé wá rí i tí Pakistan gba orúkọ ẹ̀sìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Pakistan kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó sì fi ilé sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á padà sí Niamey, nítorí ìlú náà tún fara hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ní 2020, lọ́nà mìíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, ẹnìkan dáná sun apá kan mọ́sáláṣí Al-Aqsa ní Jerúsálẹ́mù. Inú bí àwọn Mùsùlùmí ní gbogbo ayé, ó sì tọ́ kí inú bí wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn olórí wọn péjọ sí Rabat ní Morocco, wọ́n sì dá àjọ tí à ń pè ní OIC sílẹ̀. Niger wọ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1986, àríyànjiyàn tí èyí dá sílẹ̀ láàrin wa kò sì tíì kúrò lọ́kàn àwọn tí ó ti dàgbà nígbà náà. Orílẹ̀-èdè 57 ni ó wà nínú àjọ náà. Kí a má ṣe gbàgbé ohun tí ó bí i: ilé àdúrà tí ó jóná ni.

Ní ọjọ́ 27 àti 28 oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn mínísítà OIC péjọ sí Niamey. Gbọ̀ngàn tí wọ́n jókòó sí, ìjọba Íńdíà ni ó kọ́ ọ, orúkọ Mahatma Gandhi sì ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni Gandhi; ẹlẹ́sìn Híńdù bí tirẹ̀ ni ó yìnbọn pa á ní 1948, nítorí ó ní ó ń ṣojú rere jù sí àwọn Mùsùlùmí. Nínú gbọ̀ngàn yìí ni wọ́n ti pinnu pé kí a máa fi ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdọọdún sọ̀rọ̀ lòdì sí ìkórìíra Mùsùlùmí. Ọjọ́ náà ni ẹnìkan wọ mọ́sáláṣí méjì ní Christchurch, ní New Zealand, ní 2019, tí ó sì pa ènìyàn 51. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ kan tí Gáńbíà gbé lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sì tún wà níwájú wọn.

Ẹjọ́ yìí yẹ fún àlàyé. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, ó lé ní 700,000 àwọn Rohingya, Mùsùlùmí ilẹ̀ Myanmar, tí ó sá lọ sí Bangladesh nítorí pé àwọn ológun ń pa wọ́n, wọ́n sì ń sun abúlé wọn. Gáńbíà, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, dìde ní orúkọ wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó gbé Myanmar lọ sí Hague, OIC sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2020, gbogbo àwọn adájọ́ pa ẹnu pọ̀ pàṣẹ pé kí Myanmar dáàbò bo àwọn Rohingya. Myanmar ní ọ̀rọ̀ náà kò kan Gáńbíà; ní oṣù keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ dáhùn pé ìwé àdéhùn lòdì sí ìpakúpa kan gbogbo ẹni tí ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò sí ọkọ̀ ogun níbẹ̀ bí ti 1851, kò sí owó-bodè. Orílẹ̀-èdè kékeré kan láti ẹkùn wa mú òfin dání, ayé sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìwúrí ni ó yẹ kí èyí jẹ́ fún gbogbo ọmọ Áfíríkà, ẹ̀sìn yòówù tí ì báà ṣe.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 15 oṣù kẹta dé iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2022, wọ́n gbà á wọlé láìdìbò, ṣùgbọ́n ikọ̀ Íńdíà àti ti Faransé béèrè pé èéṣe tí ó fi jẹ́ ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni a dárúkọ. A lè sọ pé àwọn tí ó béèrè kò mọ́ tónítóní ní ilé tiwọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò mọ́ lè béèrè ìbéèrè tí ó tọ́. Ìbéèrè kan náà ni a lè bi ìwé àdéhùn 1852. Amẹ́ríkà pẹ̀lú ṣe òfin kan ní 1998 tí ó fi ń kọ orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí ẹ̀sìn. Ó kọ orúkọ Nàìjíríà ní 2020, ó pa á rẹ́ ní 2021, ó tún kọ ọ́ ní 2025. Onígbàgbọ́ tí wọ́n pa ní ilẹ̀ wa pọ̀, Mùsùlùmí tí wọ́n pa pọ̀ pẹ̀lú, ìbànújẹ́ àwọn ìdílé méjèèjì kò sì yàtọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ń sunkún kìkì òkú ẹlẹ́sìn tirẹ̀ ń ṣe ọ̀rẹ́, kò tíì ṣe òdodo.

Ǹjẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè wá panu mọ́ bí? Rárá. Bí Gáńbíà bá ti panu mọ́, ta ni ì bá sọ̀rọ̀ fún àwọn Rohingya? Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí a bá béèrè fún ará wa lókèèrè, kí a kọ́kọ́ fi fún aládùúgbò tí kì í ṣe ará wa nínú ẹ̀sìn. Àwa ará Áfíríkà ti kọ èyí sílẹ̀ fúnra wa. Ìwé Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà, tí àwọn olórí wa gbà wọlé ní Nairobi ní 1981, sọ ọ́ ní abala kẹjọ rẹ̀ pé òmìnira ẹ̀rí-ọkàn àti ti ẹ̀sìn gbọ́dọ̀ dájú fún olúkúlùkù. Orúkọ Banjul, olú-ìlú Gáńbíà, ni wọ́n fi ń pe ìwé náà. Òfin ìpìlẹ̀ Niger ti 2010 sọ ohun kan náà kí àwọn ológun tó dá a dúró ní 2023. Ìwé kò ṣe wá. Ọwọ́ tí yóò mú ìwé ṣẹ ni ó ṣe wá.

Ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Niamey ní ọjọ́ èéfín yẹn. Àwọn Mùsùlùmí kan fi aládùúgbò wọn tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́ pamọ́ sínú ilé wọn. Àwọn àgbà àlùfáà Ìmàle bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n sinmi ìjà. Ààrẹ Issoufou fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó ń ba ilé ìsìn jẹ́, tí ó sì ń pa ọmọ ìlú rẹ̀, kò mọ ohunkóhun nínú Ìmàle. Àwọn tí ó ṣí ilẹ̀kùn ilé wọn lọ́jọ́ náà kò lọ sí Hague, a kò sì mọ orúkọ wọn. Síbẹ̀ wọ́n ṣe ohun tí gbogbo ìwé àdéhùn láti 1852 ń wá, wọn kò sì tọwọ́ bọ ìwé kankan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ìfọ́lé, kí a má ṣe parí rẹ̀ sí ọdún àti orúkọ Gómìnà. Kí a bi wọ́n léèrè pé: ta ni ó ṣẹ̀, ta ni a sì nà? Ọmọ tí ó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí nínú ìtàn Abẹ́òkúta yóò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ìròyìn ibi bá dé láti ìlú òkèèrè, tí ẹnìkan sì ń tọ́ka sí ilé àdúrà aládùúgbò rẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Dar es Salam ṣì ń jẹ́ Dar es Salam. Àwọn tí ó ń gbé ìlú náà ni yóò sọ bóyá orúkọ náà yóò máa rò ó, bí ó ti rí fún àwa náà nínú ìlú tiwa.